Ìyá Ìjì Ní Ká Ṣọ́ra

"Ọkọ̀ mélòó ló kù?" Ìyá Ìjì bi ọ̀gá èbúté. Ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

"Ọ̀kan péré ni, ìyá. Ti àbúrò ọkọ yín ni."

Òjò ti dá, atẹ́gùn ti rọlẹ̀, òkun sì wá ń ṣe bí ọmọ tó fọ́ àwo tán tó lọ jókòó jẹ́ẹ́ sí kọ̀rọ̀ yàrá. Àwọn apẹja tó ti gúnlẹ̀ ń gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀ wọn.

Ìyàwó Afínjú ló dúró ṣíwájú gbogbo èrò, ó di aṣọ ìnura ọkọ rẹ̀ mọ́yà. Afínjú ni orúkọ tí Ìyá Ìjì fún àbúrò ọkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó wọlé, torí ọ̀gbẹ́ni náà kì í wọ omi láì kọ́kọ́ fi áyọ́ọ̀nù lọ ẹ̀wù rẹ̀. Ẹja ò kúkú mọ ẹ̀wù tí wọ́n lọ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún un? Afínjú náà ló sì sọ ọ́ ní Ìyá Ìjì, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe. Àràárọ̀ ni obìnrin yìí máa ń sọ lórí rédíò bí òkun yóò ṣe rí lọ́jọ́ náà, kí àwọn apẹja tó tú okùn ọkọ̀ wọn.

"Ìyáálé mi, ẹ má sunkún mọ́," ìyàwó Afínjú ní. "Ẹ ti ṣe tiyín. Èmi náà gbọ́ ọ lórí rédíò tẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣọ́ra."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ì bá sàn ká ní obìnrin náà bú u.

Ohun mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ wọn máa ń sọ fún apẹja. "Òkun dára" ni pé kí wọ́n máa lọ. "Ẹ ṣọ́ra" ni pé kí wọ́n lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jìnnà. "Ẹ má wọ omi" kò ní àlàyé. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ló máa yan ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó ń bá a yàn án.

Láàárọ̀ yìí, ó rí i. Nínú àwòrán tí sátẹ́láìtì yà, ìkùukùu to gbọọrọ lójú òkun, ó ń bọ̀ láti ìlà oòrùn, ó ki gan-an. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo òkun ilẹ̀ olóoru, ó mọ irú ìkùukùu tó ń gbé ìjì dání. Ó tẹ "Ẹ má wọ omi" sínú kọ̀ǹpútà. Ó wò ó títí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wá sí i lọ́kàn.

Lọ́sẹ̀ náà, ó ní kí wọ́n má wọ omi, kò sì sí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté. Ìjì yà gba ibòmíì lọ, oòrùn ràn títí ilẹ̀ fi ṣú. Nírọ̀lẹ́, Afínjú wọlé wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ abẹ́ àga wò.

"Kí lẹ̀ ń wá?"

"Ìjì yín ni, ìyàwó wa. A retí retí, a ò rí i. Mo ní bóyá ẹ gbé e pamọ́ síbí."

Ọkọ Ìyá Ìjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Ìdí nìyẹn tó fi ń sọ fún ara rẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà láàárọ̀ yìí pé bí òun bá tún ní ìjì ń bọ̀ tí kò sì dé, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ tòun mọ́. Àwáwí lásán ni. Ojú ló ń tì í. Ó pa èyí tó ti tẹ̀ rẹ́, ó kọ "Ẹ ṣọ́ra", ó sì kà á lórí rédíò. Ẹyin lohùn; ó ti balẹ̀.

"Wọ́n ń bọ̀! Wọ́n ń bọ̀!" ẹnì kan pariwo ní èbúté.

Ọkọ̀ ńlá kan ló gbé Afínjú àti apẹja tí wọ́n jọ lọ bọ̀. Ọkọ̀ tiwọn ti rì. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni wọ́n dì mọ́ tí àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá náà fi rí wọn. Ẹnìkejì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbé Afínjú ní tirẹ̀. Ọkọ̀ wọn ti gbá a lọ́wọ́ ọ̀tún nígbà tó ń dojú dé, ọwọ́ náà ti wú, àwọn ìka rẹ̀ ò gbéra. Ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ ìnura bò ó, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́.

Afínjú tajú kán rí Ìyá Ìjì, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, mo ti bá yín rí ìjì yẹn o."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí lẹ ṣe? Ẹ ní ká ṣọ́ra, èmi ni mo jìnnà jù. Ká ní ẹ ní ká má lọ ni, ṣé màá lọ ni? Ṣé mo lọ rí?"

Ìyá Ìjì rò ó. Kò lọ rí lóòótọ́. Ó lè fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òun bá ní kí wọ́n má wọ omi, ilé ló máa ń wà. Ẹni tó lọ sókun ò ní ráyè wá bẹ abẹ́ àga wò.

Ó lè dákẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ti pè é lórí fóònù pé "Ẹ ṣọ́ra" tó, kò sẹ́ni tó lè bi í léèrè.

"Mo rí i," ló ní. "Láàárọ̀. Mo ti kọ ọ́ pé kẹ́ ẹ má lọ, mo tún pa á rẹ́. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ tún fi mí rẹ́rìn-ín ni."

Afínjú gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ rí i?" Kò pè é ní ìyáálé mọ́. Wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ sí ọsibítù, kò sì sẹ́ni tó ní kó tẹ̀ lé àwọn.

Lọ́jọ́ kejì, ìkùukùu mìíràn tún yọ. Kò dá a lójú pé ìjì yóò dé. Ó ka "Ẹ má wọ omi" lórí rédíò, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Oòrùn ràn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nígbà tó ṣíwọ́ iṣẹ́, ó gba èbúté kọjá. Gbogbo ọkọ̀ ló wà lórí ìso, àwọn apẹja jókòó, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. "Ẹ kú iṣẹ́, ìyá," ni wọ́n ń sọ. Ó wù ú kí ẹnì kan tiẹ̀ bi í pé ìjì rẹ̀ dà. Kò sẹ́ni tó bi í.

Ó gba ilé Afínjú lọ. Wọ́n ti gbé e dé láti ọsibítù. Ó dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ padà, kò padà. Ó kanlẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?" Ohùn ìyàwó ni.

Orúkọ tí kò fẹ́ràn láti gbọ́ ló wá sí i lẹ́nu.

"Ìyá Ìjì ni."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.