Àmì Tó Wà Lábẹ́ Orúkọ Bámikẹ́

Mo ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní Okokomaiko pé: ẸNI TÓ BÁ FI ÀWÒRÁN SÍNÚ WỌ́Ọ̀DÙ RÁNṢẸ́, KÓ MÁ BÍNÚ SÍ MI. Àwọn oníbàárà á kà á, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún fi àwòrán sínú Wọ́ọ̀dù ránṣẹ́. Àwọn mìíràn á fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà, tí iná gílóòbù á máa tàn yanran lórí rẹ̀, wọ́n á ní dísáìnì nìyẹn. Àwọn mìíràn á fi fáìlì tí kò sí ẹni tó lè ṣí i láti Ìbá dé Ìjànikìn ránṣẹ́. Tí mo bá wá figbe ta, ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn ń fún mi, bí ẹni pé wọ́n jọ kọ́ ọ nílé ìwé ni: "Ó ń ṣí lọ́dọ̀ tèmi."

Ṣé ọ̀dọ̀ tìẹ ni wọ́n ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bínú, ó tọ́ sí mi. Abọ́lá lorúkọ mi, iṣẹ́ dísáìnì ni mò ń ṣe, ojú mi sì ti rí màbo lọ́wọ́ fáìlì oníbàárà. Ṣùgbọ́n ti Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ ló le jù nínú gbogbo ohun tí mo ti rí.

Ṣójà ni bàbá yìí tẹ́lẹ̀. Inú báráàkì Ọ̀jọ́ ló ti fẹ̀yìn tì, ó wá kọ́lé sí Ìbá. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Bámikẹ́, kú, ẹ̀gbẹ́ ilé náà ni wọ́n sin ín sí. Bàbá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé òun fẹ́ fi òkúta dúdú sórí ibojì rẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí i. Èmi ni n óò to ọ̀rọ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà, Gbóyèga tó ń gbẹ́ òkúta ní Ìjànikìn yóò sì fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ.

Ohun kan ṣoṣo ni bàbá bẹ̀ mí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún.

"Abọ́lá, ọmọ mi, àmì tó wà lábẹ́ orúkọ ìyàwó mi yẹn, má jẹ̀ẹ́ kó sọ nù o."

Mo ní, "Èwo nínú ẹ̀, Bàbá?"

"Èyí tó wà lábẹ́ E. Wọ́n fi jẹ ẹ́ níyà títí tó fi kú. Káàdì ẹgbẹ́ ọlọ́jà, wọn ò fi síbẹ̀. Ìwé ọsibítù, wọn ò fi síbẹ̀. Nínú ọjà báráàkì tó ti ń ta aṣọ, àwọn aláwàdà á máa pè é ní Bámiké. Wọ́n á ní, 'Ìyá, ẹ wá bá wa ké o!' Á bá wọn rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Tó bá délé, á jókòó sí pálọ̀, kò ní sọ̀rọ̀."

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí bàbá ń sọ. Kéèyàn kẹ́ ọmọ ni kó gbé e jó, kó mú ẹran tó tóbi jù nínú àwo fún un. Kéèyàn ké ni kó figbe bọnu. Àmì tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ló wà láàárín méjèèjì.

"Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn," bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Lọ́jọ́ tí mo lọ tọrọ rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní iṣẹ́ mìíràn tí àwọn fẹ́ rán mi. Wọ́n ní orúkọ ọmọ náà ni iṣẹ́ tí àwọn rán mi. Bá mi kẹ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Àmì yẹn ò ní sọ nù." N ò tíì mọ̀ nígbà náà pé àbúrò ìyàwó rẹ̀ wà láyé.

Olúwaṣẹ́gun lorúkọ àbúrò náà. Ó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Alábà, ìtòsí Navy Town ló ń gbé, nítorí pé ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń tan tẹlifíṣọ̀n, ó gbà pé òun mọ kọ̀ǹpútà. Òun ni ẹbí ìyàwó ní kó bójú tó ọ̀rọ̀ òkúta. Ó pè mí lórí fóònù, kò tiẹ̀ kí mi délẹ̀.

"Madam Abọ́lá, dísáìnì ti wà nílẹ̀ o. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ṣe é, correct guy. Ẹ kàn fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ẹ. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Don't touch anything!"

Fáìlì àkọ́kọ́ dé. Wọ́ọ̀dù ni. Mo ṣí i, àwòrán ló wà nínú ẹ̀, ó sì ṣú bàìbàì, bí ìgbà téèyàn ń wo nǹkan láàárín ooru omi gbígbóná. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ òkúta kì í gbẹ́ àwòrán, ìlà lẹ́tà ló ń tẹ̀ lé. Ó ní kò burú. Ó fi òmíràn ránṣẹ́, ẹ̀dà tó tuntun ju kọ̀ǹpútà mi lọ, ó kọ̀ kò ṣí. Mo sọ fún un pé kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún un fi pamọ́ ní ẹ̀dà àtijọ́. Kí ló fi dá mi lóhùn? Ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ìkẹta ṣí. Ṣùgbọ́n fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò, ò sí lórí kọ̀ǹpútà mi, kò sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú fáìlì, nítorí náà gbogbo ibi tó yẹ kí Ẹ tàbí Ọ wà, àpótí kékeré òfìfo ni mo rí. BÁMIK, lẹ́yìn náà àpótí. Mo ní kó fi fọ́ǹtì náà ránṣẹ́. Ó ní, "Kí ló ń jẹ́ fọ́ǹtì?" Mo ní ó dáa, kó kàn tẹ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí Wásáàpù kí n rí i. Ó tẹ̀ ẹ́: Bámiké.

"Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun, àmì abẹ́ ẹ̀ dà?"

"Phone mi ò ní in."

Ó yà mí lẹ́nu, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Fóònù yẹn, tó o bá tẹ E mọ́lẹ̀, á gbé lẹ́tà é fún ọ, á gbé lẹ́tà è, á tún gbé ë tí n ò mọ ẹni tó ń lò ó ní gbogbo Ọ̀jọ́. Ẹ tiwa ò sí níbẹ̀. Fóònù tí a fi ń pe ìyá wa láàárọ̀, kò lè kọ orúkọ ìyá wa. Mo ṣàlàyé fún un bó ṣe lè fi Yorùbá kún àwọn èdè inú rẹ̀, kì í ṣe nǹkan tó ń pẹ́. Ó ní òun ò ráyè, oníbàárà wà níwájú òun.

Bí mo ṣe pa fáìlì rẹ̀ tì nìyẹn. Mo jókòó, mo tún gbogbo rẹ̀ tò fúnra mi: orúkọ, ọdún ìbí, ọdún ikú, àti "Sùn re o" nísàlẹ̀. Mo wá sọ lẹ́tà náà di ìlà, bíi pé ọwọ́ ni mo fi yà á, kó má baà sí kọ̀ǹpútà kankan tó lè pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Bàbá wá wò ó. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó na ìka sí abẹ́ E lójú kọ̀ǹpútà, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Òun nìyẹn," ó ní.

Mo fi í ránṣẹ́ sí Gbóyèga, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Olúwaṣẹ́gun kó mọ̀ pé ó ti wà lọ́dọ̀ Gbóyèga. Gbóyèga pè mí pé ó ṣí, pé kò sí ohun tó dín. Ọkàn mi balẹ̀.

Lọ́jọ́ tí òkúta parí, èmi àti Bàbá jọ lọ sí Ìjànikìn ká rí i kí wọ́n tó gbé e. A bá Olúwaṣẹ́gun níbẹ̀, ó ti dé ṣáájú wa, ó ń fi fóònù ya òkúta náà. Òkúta yẹn dára, ó ń dán. Òdòdó wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òdòdó tí èmi ò fi síbẹ̀.  Mo wo orúkọ.

BÁMIKÉ.

"Gbóyèga! Kí lo gbẹ́ yìí?"

Gbóyèga ń wo ojú mi, ó ń wo ti Olúwaṣẹ́gun. "Aunty, ẹ má bínú. Bọ̀ọ̀dá yìí ló fi òmíràn ránṣẹ́ o. Wọ́n ní tiyín na old one, pé èyí ni final. Nígbà tí mo ṣí i, àpótí ló wà níparí orúkọ. Mo pè wọ́n, mo ní kí ló yẹ kó wà níbẹ̀. Wọ́n ní E ni, kí n fi E tó ní àmì lórí sí i."

Ẹ gbọ́ o. Ó rí i pé òdòdó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò sí nínú iṣẹ́ mi, ó gba ẹ̀yìn mi, ó fi fáìlì burúkú yẹn ránṣẹ́ tààrà. Nígbà tí fáìlì náà sì fọ́ bó ṣe fọ́ lọ́dọ̀ mi, ó fi ẹnu ara rẹ̀ yọ àmì orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n yín rèé! Ọmọ ìyá yín! Ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀ ni?"

"Madam, ẹ calm down. Nítorí dot? Dot lásán? Who dey look dot for grave? File yẹn ń ṣí lọ́dọ̀ tèmi."

"Òkúta ni!" Mo pariwo débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì yà wò wá. "Òkúta nìyí! Òkúta kì í ṣí, òkúta kì í tì! Bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ ni àwọn ọmọ-ọmọ yín á ṣe máa kà á!"

Mo wo Bàbá, mo rò pé yóò fi ohùn ṣójà sọ̀rọ̀.  Ṣùgbọ́n àna rẹ̀ ni Olúwaṣẹ́gun. Ẹni tí wọ́n bá fún lọ́mọ, títí ayé ni yóò máa bọ̀wọ̀ fún ará ilé ọmọ náà, ìbáà jẹ́ ìkókó. Láti ìgbà tí ọmọkùnrin yìí ti wà ní ṣòkòtò péńpé ni Bàbá ti ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ọkùnrin náà mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa bá òun wí, ló ṣe ń ṣe bó ṣe wù ú.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń fi ìka tọ lẹ́tà náà lọ, títí ó fi dé ibi tó kẹ́yìn. Ó wá abẹ́ E. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu ibẹ̀, bóyá eruku ló bò ó. Ó tún fi ìka wá a. Kò sí nǹkan kan.

Gbóyèga ní, "Bàbá, mo lè fi ẹ̀rọ lù ú sí i, now now."

Bàbá ju ọwọ́ sí i pé rárá. Ó mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan àti òòlù lórí tábìlì Gbóyèga, ó sì na méjèèjì sí Olúwaṣẹ́gun, ọwọ́ méjèèjì ló fi nà án.

"Àna mi, ẹ gbà. Bàbá yín rán mi níṣẹ́ lórí ọmọ yẹn. Mo jẹ́ ẹ títí ilẹ̀ fi gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ti wá ku èmi nìkan báyìí." Ó tún na irin náà sún mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kẹ́ ẹ."

Olúwaṣẹ́gun na ọwọ́ méjèèjì. Ó gba irin náà. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku òkúta pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀, Bàbá bá a fi ìka tọ́ka sí ibi tí yóò lù. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó tún un lù. Bí òkúta ṣe ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ló bá figbe ta, "Ẹ̀gbọ́n mi o!" ó sì ń sunkún bí ọmọdé níwájú gbogbo wa. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

Inú ṣì ń bí mi sí i. N ò ní parọ́.

Àmì náà ò yípo dáadáa, ó sì fì sápá òsì díẹ̀. Dísáìnì niṣẹ́ mi, mo rí i kedere. Gbóyèga bi mí bóyá kí òun tún un ṣe, mo ní kó má fọwọ́ kàn án.