Orúkọ Orí Rìsíìtì

"Kí ni mo fẹ́ tẹ̀ka sí? Ṣé ẹrú yín ni mí ni, Ẹ̀gbọ́n?"

Jùbrílù ti ìwé àdéhùn náà padà sórí ẹní. Sàfúrátù kò mú un. Ọgọ́ta pọ́ùn tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ yá láti fi ra ilé ní Ìtòkú wà lábẹ́ ìró rẹ̀, owó àdìrẹ tó ti ń tọ́jú látìgbà tí ogun Hítílà ti parí. Bí onílé kò bá rówó kí oòrùn tó wọ̀, ẹlòmíì ni yóò tà á fún.

"Mi ò pè ọ́ lẹ́rú. Kó o tẹ̀ka pé mo yá ọ lówó ni mo wí."

"Tí ìyàwó mi bá wá gbọ́ pé owó obìnrin ni mo fi ra ilé ńkọ́?"

Inú bí Sàfúrátù débi pé ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Nígbà tí Jùbrílù wá tọrọ owó, kò rántí pé ọwọ́ obìnrin lòun ti ń tọrọ.

Ìyá wọn gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀. "Sàfúrátù, ọmú kan náà lẹ jọ mu."

"Ìyá, ọmú kan náà lèmi àti Láwàlì mu."

Láwàlì ẹ̀gbọ́n wọn yáwó lọ́wọ́ Sàfúrátù, ó fi kọ́lé. Nígbà tó kú láìsan án, ẹbí pín ilé náà fáwọn ọmọ rẹ̀ ní yàrá kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ta lẹlẹ́rìí Sàfúrátù. Òun náà ló sì se oúnjẹ tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ tí wọ́n pín in.

Ni ìyá wọn bá fẹ́ kúnlẹ̀. Sàfúrátù sáré dì í mú.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, Ìyá!" Omijé bọ́ lójú rẹ̀, omijé ìbínú. "Ó tó. Kò ní tẹ̀ka mọ́."

Jùbrílù na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ kú ìnáwó, Ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á fi òmíì rọ́pò."

Ọwọ́ Sàfúrátù dúró lórí ìdí ìró rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Láwàlì ṣe kí i. Owó téèyàn fẹ́ san padà, ṣé Ọlọ́run la ń ní kó wá rọ́pò rẹ̀?

Ó so ìró náà le. "Dìde, ká lọ."

"Síbo?"

"Sọ́dọ̀ onílé. Èmi ni mo máa kówó fún un, orúkọ mi ni yóò kọ sórí rìsíìtì. Lọ́jọ́ tó o bá san án tán, a ó yí i sí tìrẹ."

"Kí ni kí n wá sọ fún ìyàwó mi?"

"Ohun tó bá wù ọ́. Mi ò ní tú àṣírí rẹ."

Sàfúrátù ti wọ bàtà nígbà tó gbọ́ ohùn ìyá wọn lẹ́yìn.

"Jùbrílù, mú fìlà rẹ. Tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ."