Ẹ̀wù Alápò Márùn-ún

Aláìlábàwọ́n ni wọ́n ń pe télọ̀ kan, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù pé ogún ọdún rèé, òun kò ba aṣọ ẹnikẹ́ni jẹ́ rí. Ká má purọ́, ọkùnrin náà mọṣẹ́. Ohun tó kàn ń dà á láàmú ni pé ó gbà pé bí ọwọ́ òun ṣe mọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn òun ṣe mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, pásítọ̀ wọn wàásù pé gbogbo ènìyàn ló ti ṣẹ̀, kò sẹ́ni tó lè wẹ ara rẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí Jésù fi wá ṣe ètùtù fún wa. Ọ̀rọ̀ náà kò bá Aláìlábàwọ́n lára mu. Nígbà tí pásítọ̀ gbé ẹ̀wù ìwàásù rẹ̀ funfun wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé kó bá òun rán ìṣẹ́tí rẹ̀ tó tú, télọ̀ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé ìwàásù náà dùn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n yọ àwọn kan sílẹ̀ nínú "gbogbo ènìyàn" yẹn. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní òun á rò ó wò.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ku kó lọ ẹ̀wù náà. Bó ṣe gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e láyà báyìí ni ìyàwó rẹ̀, tó ń rán bọ́tìnnì lẹ́yìn rẹ̀, béèrè bóyá lóòótọ́ ló rò pé ìwàásù yẹn kò kan òun. Ọ̀rọ̀ dé. Télọ̀ yíjú padà, ó ń ka ìka: òun kò jalè, òun kò pààyàn, òun kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti dé orí ìka kẹfà nígbà tí òórùn kan gba inú ṣọ́ọ̀bù.

"Ọkọ mi," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ wẹ̀yìn yín. Ẹ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ kan báyìí."

Áyọ́ọ̀nù ti jó ẹ̀wù náà ní àyà apá òsì, ó sì dá ihò sí i láàárín. Ìyàwó ní kó gbé e lọ bá pásítọ̀, kó sì jẹ́wọ́. Télọ̀ ní kò ṣeé ṣe: bí ọ̀rọ̀ náà bá ta síta, pátákó òun wó nìyẹn, orúkọ ogún ọdún bàjẹ́ nìyẹn. Obìnrin náà wo pátákó, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá."

Télọ̀ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó rán àpò bo ojú iná náà. Àpò kan ṣoṣo wá dà bí ojú kan lórí aṣọ, ló bá rán èkejì sí apá ọ̀tún. Tọ̀tún ga ju tòsì lọ díẹ̀. Ó rán méjì sí ìsàlẹ̀ kí ojú èèyàn má baà dúró lókè. Ìkarùn-ún tó wá rán sáàárín ikùn, títí dòní kò mọ ohun tó gbé e débẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ṣọ́ ìgbà tí pásítọ̀ kò sí nílé, ó gbé ẹ̀wù náà fún ìyàwó pásítọ̀, ó sì sá.

Ọjọ́ Ìsinmi pé, pásítọ̀ wọ̀ ọ́ jáde. Àwọn ọmọdé tó wà níwájú ń ka àpò sókè. Ìyá olórin kan fi ìwé orin bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Díákónì kan, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá òun, dìde, ó ní kí wọ́n dárúkọ télọ̀ tó ṣe irú èyí, kẹ́nikẹ́ni má gbé aṣọ lọ síbẹ̀ mọ́. Etí Aláìlábàwọ́n gbóná. Ó mọ̀ pé tòun ti tán.

"Ẹ má wá télọ̀ kankan," ni pásítọ̀ wí. "Ẹ̀wù mi ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀rín lẹ fẹ́ rín, èmi ni kí ẹ fi rín."

Wọ́n sì rín in dáadáa. Inú Aláìlábàwọ́n kọ́kọ́ dùn, ó ní orí yọ òun. Ṣùgbọ́n bí ìwàásù ṣe ń lọ, ó ń wo ọkùnrin náà tó ń làágùn nínú àpò márùn-ún, gbogbo ẹ̀rín tó yẹ kó bọ́ sórí òun ń bọ́ sórí ẹlòmíì. Ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè.

Lẹ́yìn ìsìn, ó wọlé tọ̀ ọ́ lọ ní yàrá ẹ̀yìn, ó kúnlẹ̀.

"Pásítọ̀, èmi ni mo jó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ. Ìtìjú tèmi lẹ gbé wọ̀."

"Àná ni mo ti ki ọwọ́ bọ àpò àyà òsì, tí ìka mi yọ sí òdìkejì," ni pásítọ̀ dáhùn. "Mo mọ̀ kí n tó wọ̀ ọ́."

"Kí ni kí n wá ṣe báyìí?"

"Ẹ ti ṣe àpò márùn-ún. Ó tó."

Ẹ̀rín gba télọ̀ lẹ́nu, ẹkún sì tẹ̀ lé e, kò sì rí nǹkan fi nujú. Pásítọ̀ wá áńkáṣíìfù fún un nínú àpò kan, kò sí. Ó wá a nínú òmíràn, kò sí níbẹ̀. Àpò àyà òsì ló ti wá rí i: òun ló fi dí ihò náà láti àárọ̀. Ó fà á yọ, ó nà án sí i. Ẹnu àpò là sílẹ̀, ihò náà sì hàn nínú rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, Aláìlábàwọ́n sì jókòó síbẹ̀, ó ń fi áńkáṣíìfù náà nujú.