Mítà Alhaji Àbúbákr

Nígbà tí Adébánjí gbọ́ pé Ọláwùnmí ti dé láti òkè òkun, oúnjẹ ẹnu rẹ̀ korò. Ṣọ́ọ̀bù Alhaji Àbúbákr, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Ifọ̀, ni àwọn méjèèjì ti kọ́ iṣẹ́ rédíò. Adébánjí ni àgbà iṣẹ́. Òun ló kọ́ ọmọbìnrin náà bí wọ́n ṣe ń di áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń yọ́ òjé mú tí kò fi ní jóni lọ́wọ́. Nígbà tó gba fírídọ̀mù tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà àti ìnfátà ṣe sí Mowé, Ọláwùnmí ṣì ń gbálẹ̀ fún ọ̀gá. Àfi bí agbálẹ̀ ṣe wọ yunifásítì, tó ti ibẹ̀ dé òkè òkun, tó wá di onímọ̀ tí wọ́n ń pè káàkiri.

Ohun tó ń wádìí kò ju áísì lọ, nǹkan dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ bí ọ̀kùn, tó jẹ́ ọpọlọ inú ẹ̀rọ. Àwọn oníjìbìtì máa ń tú ògbólógbòó lára ẹ̀rọ tó ti kú, wọn a fi sáńpépà ha ẹ̀yìn rẹ̀, wọn a kùn ún, wọn a tà á ní tuntun. Ọláwùnmí ló rí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń dá a mọ̀. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí ti ń lo ọgbọ́n náà.

Adébánjí lè fara da gbogbo ìyẹn. Ti mítà ni kò lè gbé mì. Ojú Alhaji ti ń ṣú, ó sì ti sọ tipẹ́ pé ẹni tó bá gbé iṣẹ́ òun dé ibi tó jìnnà jù ni yóò jogún mítà tí òun fi ń yẹ inú ẹ̀rọ wò, èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì ń mì bí ìrù ajá tó rí olúwa rẹ̀. Ní báyìí, ó ránṣẹ́ pé kí Adébánjí àti Ọláwùnmí wá lọ́jọ́ Sátidé. Kí ni ẹni tí kò tún nǹkan aráàlú ṣe mọ́ fẹ́ fi mítà ṣe?

Adébánjí mú áísì kan tó ti gbó, ó ha á, ó kùn ún títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi jọ̀lọ̀. Ó mú méjì mìíràn kún un nínú ọ̀rá àwọn tuntun tó máa ń rà ní Ìbàfò. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ wọ́n yàtọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ní ṣọ́ọ̀bù Alhaji, orúnkún méjèèjì ni Ọláwùnmí fi kí Adébánjí lórí ilẹ̀ eléruku. Ìkúnlẹ̀ náà dùn ún ju ìgbéraga lọ. Bó bá gbéra ga, ì bá rí nǹkan sọ.

Adébánjí da áísì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì. "Wọ́n ní ojú ẹ ń rí inú áísì. Ọ̀kan nínú wọn ti ṣiṣẹ́ rí. Mú un."

Ọláwùnmí kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn wọn. Ó ń kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bọ pátákó kékeré tó so mọ́ láptọ́ọ̀pù, ó sì ń ṣàlàyé fún Alhaji. Inú áísì kún fún àwọn súìṣì tín-tìn-tín tó ń tàn tó ń kú láìsinmi. Èyí tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ bí orúnkún arúgbó, eré rẹ̀ á sì dínkù. Ẹ̀yìn ni sáńpépà lè dé, kò lè dé orúnkún. Ẹ̀rọ òun ń wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń sáré tó, ó sì ń fi í wé èyí tó tọwọ́ àwọn tó ṣe é wá.

"Méjì ni, bọ̀ọ̀dá mi," ó ní. "Eléyìí àti eléyìí. Ẹyọ kan yìí ni tuntun."

Adébánjí rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Ọ̀gá, ẹ gbọ́? Ẹyọ kan ni mo ha. Tuntun ni mo ra méjì yòókù."

Ọláwùnmí fi òwú kan omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, ó fi nu ẹ̀yìn èyí tó ti Ìbàfò wá nínú méjì tó mú. Òwú dúdú kirikiri, ojú sáńpépà sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó wá rọra bi í bóyá àwọn nǹkan tó bá tún ṣe kì í padà wá.

Ẹ̀rín tán. Ìnfátà pásítọ̀ ń padà wá léraléra, ti onígbàjámọ̀ náà bẹ́ẹ̀, iná ìjọba ni Adébánjí sì ń dá lẹ́bi.

"Ẹni tó kùn ún mọ iṣẹ́," Ọláwùnmí ní, "àmọ́ kò mọ̀ ọ́n tó yín."

Alhaji rẹ́rìn-ín, ó na mítà sí Ọláwùnmí. Kò gbà á. Ó ní, "Ọ̀gá, bọ̀ọ̀dá mi ni kẹ́ ẹ fún. Èmi ò tún nǹkan aráàlú ṣe mọ́."

Ọ̀rọ̀ inú Adébánjí gan-an ló sọ yẹn. Ó gba mítà, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ṣe ń sáré lọ sí Mowé, ńṣe ni nǹkan náà ń wúwo lórí itan rẹ̀. Ohun tó ti ń wá tipẹ́, ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ ló fi ta á lọ́rẹ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ó da gbogbo áísì inú ọ̀rá sílẹ̀, ó ń fi ẹnu mítà kàn wọ́n. Bákan náà ni abẹ́rẹ́ ń mì lórí gbogbo wọn. Mítà mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè, kò mọ arúgbó yàtọ̀ sí ọmọdé. Adébánjí fa fóònù yọ.

"Wùnmí, ìgbà wo lo máa gba Mowé kọjá? Mú ẹ̀rọ ẹ yẹn dání."

"Lọ́la, bọ̀ọ̀dá mi. Mo ń bọ̀ lọ́la."

Ó gbọ́ bí ayọ̀ ṣe kún ohùn rẹ̀. Ìyẹn náà ta á lára.