Àpò Odindi, Àpò Yíya

“Ẹ gba ife-ẹ̀yẹ yẹn wálé. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, kọnkéré á ti wà lórí pápá yín, tírélà kankan ò sì ní gúnlẹ̀ síbẹ̀ mọ́.”

Ọnọ́rébù ló sọ ọ́, ní Olódì-Àpápá, níṣojú gbogbo ẹgbẹ́. Inúmidùn, tó ń bá ẹgbẹ́ ṣe àkọsílẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ láìyẹ ọ̀rọ̀ kan, ó fi ọjọ́ àti aago sí i. Ó ti pé ọdún méjì tó ti gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò, kò tíì ríṣẹ́. Kíkọ nǹkan sílẹ̀ ni oúnjẹ tó fi ń bọ́ ìbínú rẹ̀.

Iyanrìn tí epo mọ́tò ti mu yó ni pápá náà. Bí àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì bá fẹ́ ṣeré, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ bẹ awakọ̀ tírélà kó wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ìdíje àṣekágbá ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹgbẹ́ Málù Road tí wọ́n fẹ́ kojú sì ti nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì rí.

Akàpò, ẹni tó ń ka àpò ẹrù, ni bàbá Inúmidùn ní èbúté kó tó fẹ̀yìntì. Wọn kì í bi akàpò pé àpò mélòó ló ti inú ọkọ̀ òkun jáde. Mélòó ló jáde ní odindi, mélòó ló ya? Òun ni wọ́n ń bi í. Odindi, ó fa ìlà. Yíya, ó kọ òdo. Bí Inúmidùn ṣe ń ṣọ́ gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù sí agbọ̀n nìyẹn.

“Pọ́ìntì mẹ́rìndínlógún ni mo gbà lọ́jọ́ tá a kojú Málù Road kẹ́yìn!” Tega, ìràwọ̀ ẹgbẹ́, fọwọ́ lu àyà. “Ta ló tó bẹ́ẹ̀?”

“Ìgbà mélòó lo jù ú?”

“Sista Inú, ta ló ń ka ìyẹn?”

“Èmi. Ogún ìgbà. Mẹ́jọ wọlé, méjìlá ya. Ese tó wà nínú ẹgbẹ́ yín ju mẹ́fà péré láti igun, níbi tí jíjù kan ti ń jẹ́ mẹ́ta. Mẹ́ta wọlé: pọ́ìntì mẹ́sàn-án. Jíjù tìrẹ kan ò pé pọ́ìntì kan. Tirẹ̀ jẹ́ ọ̀kan àbọ̀.”

“Haba! Ẹ ti sọ mí di àpò sìmẹ́ńtì!”

“Èyí tó ya gan-an,” Chiamaka, ọmọ ẹgbẹ́ wọn, fi kún un, ẹ̀rín sì gba pápá kan.

Kóòṣì Sàídù kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ ìwé náà. “Ṣé kí n fi Tega jókòó ni?”

“Rárá, sà. Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń ba Málù Road. Bó bá já wọ àárín, wọ́n á ṣùrù bò ó. Ẹ jẹ́ kó ju bọ́ọ̀lù fún Ese ní igun nígbà náà.”

Tega yínmú. “Kí n máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ Ese? Abeg!”

Lọ́jọ́ àṣekágbá, ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án. Málù Road ní àádọ́ta, tiwọn jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́ta. Tega já wọ àárín bí iná ọyẹ́. Ẹni mẹ́ta bò ó. “Jù ú, Tega! Jù ú!” ni èrò ń pariwo. Inúmidùn gbé pẹ́ńsù lé ìwé. Tega wo agbọ̀n, ó wo igun, ó sì fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí Ese. Ese fò. Bọ́ọ̀lù fò. Àwọ̀n nìkan ló kàn!

Méjìléláàádọ́ta sí àádọ́ta! Kóòṣì Sàídù sáré yípo pápá láìsí bàtà. Tega gbé Ese lé èjìká: “Àpò odindi rèé o!” Inúmidùn fa ìlà rẹ̀ tagbáratagbára, pẹ́ńsù kán. Ọnọ́rébù fúnra rẹ̀ gbé ife náà sókè kí wọ́n yà á ní fọ́tò.

Oṣù kejì ọdún nìyẹn. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta. Tírélà mẹ́rin ló wà lórí iyanrìn náà, kò sí kọnkéré kankan níbẹ̀. Inúmidùn ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́:

Ìlérí, méjì. Odindi, kò sí. Yíya, méjì.