Bàtà Kutlu Kọjú Síta

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Bẹhramu fi jókòó lẹ́sẹ̀ Ṣéù Sabiri, àgbà aàfáà tó ń ké ewì nílùú Sífásì, tòun ti kálámù lọ́wọ́. Bí ewì bá ti ń bọ́ lẹ́nu àgbà náà ni Bẹhramu ń kọ ọ́ sórí tákàdá. Kò lówó, kò láya, kò sì bìkítà: òun ni Ṣéù, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá, ń wò kó tó lanu. Ìyẹn tó o.

Àfi ìgbà tí Kutlu dé. Oníṣẹ́ awọ ni, kò mọ lẹ́tà álífù yàtọ̀ sí igi, abọ́ ni wọ́n ní kó máa fọ̀. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é wá síwájú. Tí Kutlu bá wà níbẹ̀, ewì á máa tú jáde lẹ́nu Bàbá. Tí kò bá sí, Bàbá á yán, á ní ó ti rẹ òun.

"Bẹhramu, ọmọ mi, sún díẹ̀ kí Kutlu ráyè jókòó."

"Bàbá, ìgò tàdáwà mi ńkọ́?"

"Gbé e dání. Àbí ó ti ta gbòǹgbò síbẹ̀ ni?"

Gbogbo ọmọ ẹ̀yìn Bàbá rẹ́rìn-ín, Kutlu náà rẹ́rìn-ín. Owú gba Bẹhramu láyà, kò lè jẹun. "Afọbọ́ lásánlàsàn!" ló ń sọ ṣáá.

Wọn kì í fi ariwo lé èèyàn nílé yẹn. Bàbá á kàn ní kí wọ́n yí bàtà ẹni náà lẹ́nu ọ̀nà kó kọjú síta. Onítọ̀hún kò gbọdọ̀ bèèrè, kò gbọdọ̀ dágbére. Á wọ̀ ọ́, á máa lọ.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Bẹhramu yí bàtà Kutlu.

Kutlu jáde, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fẹnu ko ìloro, ó wọ bàtà, ó ń lọ, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ká má purọ́, inú Bẹhramu dùn.

"Kutlu dà?" Bàbá bèèrè.

"Ó ti lọ, Bàbá. Bàtà ẹ̀ kọjú síta."

Bàbá wò ó títí. "Èmi ò ní kẹ́nikẹ́ni yí i."

Bẹhramu wólẹ̀. "Ẹ lé èmi náà, Bàbá."

"N ò lé ẹ. Mú kálámù ẹ."

Wọ́n wá Kutlu títí, wọn ò rí i. Ogójì ọjọ́ ni Bàbá fi ké ewì nípa rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó ń rùn fún awọ. Bẹhramu ló ń kọ gbogbo ẹ̀, òun náà ló ń kà á sókè fún Bàbá nírọ̀lẹ́. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

Bàbá kú. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí sàréè rẹ̀, ewì Kutlu nìkan ni wọ́n sì ń bèèrè. Bẹhramu ń dà á kọ fún wọn títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi funfun, owú náà kò sì kúrò láyà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan tó wá láti ìlú Kayserí ní, "Wọ́n ní ẹ pẹ́ lọ́dọ̀ Ṣéù. Ṣé wọ́n ké ewì kankan fún ẹ̀yin náà?"

"Rárá, ìyá. Ojoojúmọ́ ni mo wà níwájú wọn. Kí ni wọ́n á máa fi ewì wá mi sí?"

Ó ní kí ìyá náà jókòó, òun á da ewì tó wá gbà kọ fún un, kò ní í pẹ́. Ó ki kálámù bọ tàdáwà, ó sì kọ orúkọ Kutlu.