Ọjọ́ Karùn-ún Òní

TÚỌ̀ GÁÌDÌ! Ohun tí Mùsílíù, afinimọ̀nà wa, kọ sára fìlà rẹ̀ nìyẹn, gàdàgbà, bí ẹni tó joyè. Èmi Mọ̀nsúrátù ni mo fi ọwọ́ ara mi wá a kàn lórí fóònù, nítorí náà ara mi ló yẹ kí n bínú sí. Ṣùgbọ́n òun ló wà nítòsí.

Ohun tí a ń wá lọ kò le. Màámi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, fẹ́ rí Igbólómi kí ojú wọn tó ṣú tán. Erékùṣù ni, láàrin ọ̀sà lọ́nà Ẹ̀pẹ́, igbó kìjikìji tó kún fún ọ̀bọ, pẹ̀lú ògiri mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tí gbòǹgbò igi ti wé mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Màámi sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ìyá wọn sí, lábẹ́ igi àràbà kan létí omi. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọn ò ti débẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ Lukman àbúrò mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó fẹ́ kó wọn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ pátápátá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni Mùsílíù pè mí. “Àǹtí, mo ti rí Bàbá Ọláòtán, ọlọ́kọ̀ ojú omi. Wọ́n ní ọjọ́ karùn-ún òní ni wọ́n ń lọ sí Igbólómi. Sátidé nìyẹn!”

Lọ́jọ́ Tọ́sìdè, bí mo ṣe ń di irun Màámi lọ́wọ́, wọ́n ní, “Ṣé ọ̀la kọ́ ni à ń lọ ni?”

Mo ní, “Màámi, ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe é.”

Sátidé, a kúrò ní Ìkòròdú kí oòrùn tó yọ. Ní Imota, Mùsílíù nawọ́. “Ẹ wo apá ibí, ilé-iṣẹ́ ìrẹsì nìyẹn.”

“Mùsílíù, Ìkòròdú ni mò ń gbé. Mo mọ ìrẹsì.”

Ní Agbowa, awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ẹ̀gẹ́, ó ń ná an bí ẹni tó ń ra ilẹ̀. Mi ò wí nǹkan kan. Ẹ bi Màámi bóyá mi ò wí nǹkan kan. Wọ́n á ní irọ́ ni.

A dé etí omi. Bàbá Ọláòtán jókòó, ó ń tún àwọ̀n ṣe.

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Àwa tí à ń lọ Igbólómi rèé.”

“Ẹ ti pẹ́. Àná ni.”

Mùsílíù ní, “Àná kẹ̀? Ẹ ní ọjọ́ karùn-ún òní!”

“Mo wí bẹ́ẹ̀. Mọ́ńdè ni mo wí i.” Bàbá na ìka. “Mọ́ńdè, ọ̀kan. Túsìdè, méjì. Wẹ́sìdè, mẹ́ta. Tọ́sìdè, mẹ́rin. Fúráìdè, márùn-ún. Kí wá ni Sátidé ń wá níbẹ̀?”

Mùsílíù wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí ìka kan níbẹ̀. Kò ka òní mọ́ ọn!

“Àǹtí, fóònù ló…”

“Fi fóònù sílẹ̀! Ṣé fóònù ló wá bá Bàbá sọ̀rọ̀?” Mo kọjú sí ọlọ́kọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà gbé wa lọ.”

“Ọrọọrún la máa ń ṣí igbó. Ọjọ́ yòókù, ti ẹranko ni.”

“Ṣé ọ̀bọ ló máa wá ka ọjọ́ fún wa ni?”

“Ó kúkú mọ̀ ọ́n kà jù yín lọ.”

Mo ti la ẹnu tí màá fi dá a lóhùn nígbà tí Màámi fọwọ́ tọ́ mi. “Mọ̀nsúrátù. Mo wí fún ọ lọ́jọ́ Tọ́sìdè.”

Mo sún sẹ́yìn fún wọn.

Màámi yíjú sí ọlọ́kọ̀. “Ọmọ ta ni ọ́?”

“Ọmọ Ògúnsànyà apẹja, Ìyá.”

“Mo mọ bàbá ẹ. Ṣé wọ́n ní kí a má wo igbó láti orí omi ni?”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ẹsẹ̀ nìkan ni kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀.”

Ó fi ọkọ̀ yí erékùṣù náà po. Àwọn ọ̀bọ tẹ̀ lé wa lórí igi, wọ́n ń bú wa. Mo rí ògiri mọ́ṣáláṣí, ewé ti bò ó dé ọrùn. Màámi na ọrùn títí.

“Gbogbo ẹ̀ ló dúdú lójú mi. Èwo ni àràbà?”

Mo wò ó. Igi ńláńlá bí ogún ló dúró létí omi, mi ò sì mọ èwo ni èwo. Mùsílíù náà ò mọ̀. Ó bọ́ fìlà ẹ̀, ó fi sápò.

“Ẹ jẹ́ ká padà,” ni Màámi wí. “Bí mo bá fọwọ́ kàn án, màá mọ̀ ọ́n. Ọlọ́kọ̀, ìgbà wo ló tún kàn?”

“Ọjọ́ kẹrin òní, Ìyá.”

“Mọ̀nsúrátù, pe Lukman. Mi ò lọ lọ́la.”

Lukman pariwo títí ó fi rẹ̀ ẹ́. “Ó dáa, Àǹtí, ìgbà wo ni wọ́n wá ń lọ síbi igbó yìí?”

“Ọjọ́ kẹrin òní.”

“Wẹ́sìdè nìyẹn.”

Mo mí kanlẹ̀. Mo na àtàǹpàkò mi sókè lójú Mùsílíù, kí òun náà lè kọ́ ọ.

“Lukman, fetí sílẹ̀ dáadáa. Sátidé, ọ̀kan…”